Orúkọ Ta Ló Máa Wà Lórí Ìwé Ọkọ̀?

Kí oṣù kẹfà ọdún 2022 tó dé, ọ̀kadà ni ọkọ̀ iṣẹ́ wa. Àwa tí à ń tún AC àti fíríìjì ṣe kiri Surulere, Yaba àti Mushin, a mọ bí wọ́n ṣe ń di sìlíńdà gáàsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. A mọ bí èèyàn ṣe ń fi èjìká kan gbé àkàbà, kó wá fi ọwọ́ kejì di ọlọ́kadà mú. Kò dáa, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yá, kò sì wọ́n. Nígbà tó di June 1, 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Surulere, Lagos Mainland, Ikeja, Apapa, Lagos Island àti Eti-Osa. Ní September 1 ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi Mushin, Oshodi-Isolo, Somolu àti Kosofe kún un. Ibi tí à ń gbé, ibi tí a ti kọ́ṣẹ́, ibi tí àwọn kọ́sítọ́mà wa wà, gbogbo ẹ̀ ló bọ́ sínú òfin náà.

Mẹ́ta ni wá. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ ní Ìdí-Òrò, a sì ṣe fírídọ̀mù tẹ̀ lé ara wa. Ẹni tó dàgbà jù là ń pè ní Bọ̀dá. Ẹni àárín jẹ́ obìnrin; Àǹtí là ń pè é, kódà àwọn kọ́sítọ́mà tó jù ú lọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta ni Àbúrò. Òun ló lágbára jù láti gbé ẹrù, òun náà ló sì ń bá wa fi fọ́tò iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Lawanson, a jọ ń san owó ẹ̀.

Lẹ́yìn òfin yẹn, danfo ló kù tí a lè wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ kọ̀ńdọ́ Èkó. “Àkàbà yín máa san owó o! Àbí inú afẹ́fẹ́ ló máa jókòó sí?” Wọ́n á gba owó èèyàn méjì lórí àkàbà, wọ́n á gba ti ẹnì kan lórí àpótí irinṣẹ́. Tí àwọn èrò bá wá rí sìlíńdà, ariwo ti dé nìyẹn, pé àwọn ò ṣetán láti kú. Wọn ò jẹ̀bi. Iṣẹ́ mẹ́rin tí a máa ń ṣe lójúmọ́ nígbà ooru wá di méjì. Ẹni tí AC ẹ̀ bàjẹ́ ní Akoka ò ní dúró dè yín di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà ẹlòmíì wà lórí fóònù ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe di dandan nìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ àjọ láàárín ara wa ní oṣù kẹsàn-án. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú N20,000 wá lọ́sẹ̀. N60,000 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 25, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nìyẹn, ọkọ̀ dé. Lórí ìwé, ó dùn. Ìgbà tí ọdún 2023 máa bẹ̀rẹ̀, wàhálà owó tuntun dé, kò sẹ́ni tó rí owó ọwọ́ gbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé a fẹ́ dá àjọ. A dúró. Ìgbà tí a padà sídìí ẹ̀ tí owó náà sì pé, ó di May 29, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí oṣù keje tó parí, ó ti kọjá 560. Láàárín méjèèjì, ní June 14, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye tí dọ́là jẹ́.

Ẹ wo ọgbọ́n Yorùbá ná. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun bọ̀, a kàn fún un lórúkọ ọmọ. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n dọ́là ló ń san owó ìkómọ. Tí dọ́là bá ti gbéra, Tòkunbọ̀ náà gbéra nìyẹn, àti ọkọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá ní Nàìjíríà náà á bá a gbéra, bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ojú omi. Àwọn kan ń sọ fún wa pé àwọn lè bá wa mú ọkọ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé ní ẹ̀dínwó. Láti January 1, 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Torí náà, tí ẹnì kan bá bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó béèrè iye.

Ọkọ̀ mẹ́rin la gbé yẹ̀ wò.

Bọ̀dá fẹ́ Volkswagen, irú èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí danfo. Volkswagen làwọn tó bí wa mọ̀. Ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ l'Ékòó níbí ní 1975, lójú ọ̀nà Badagry. Inú ọkọ̀ náà fẹ̀, àkàbà á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láì yọ orí síta. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1990, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wọn wà. Tí ẹ bá fẹ́ ti ẹrù gba ẹ̀yìn wọlé, orí ẹ́ńjìnnì lẹ máa gbé e gùn. Ẹni tó bá ń gbé AC lójoojúmọ́ mọ ohun tí ìyẹn máa fi ẹ̀yìn òun ṣe.

HiAce ni èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Hummer bus. A béèrè iye ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, a sì ń lọ.

Àbúrò ní Toyota Sienna ni ká rà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí, ká sọ òótọ́. Àga ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé yọ, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń yọ́ lọ sẹ́yìn, ó sì jọ ọkọ̀ ìdílé. Tí ẹ bá gbé e dé ẹnu géètì ní Bode Thomas, sẹkiúrítì á ti ṣí i kó tó béèrè ẹni tí ẹ wá rí. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe láti 2004 sí 2006, lítà 3.3 ni. Ti kórópe kékeré, 0.66. Ìlọ́po márùn-ún géérégé. Nígbà tí epo wà ní 190, a lè fi ìyẹn ṣàwàdà. Ní 560, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kórópe ni Àǹtí dábàá, Suzuki Every tàbí Daihatsu Hijet. Òfin Japan ló bí irú ọkọ̀ yìí: kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 3.4 lọ, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mítà 1.48, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 660cc, ẹrù tó sì lè gbé ò gbọ́dọ̀ ju kílò 350. A kó gbogbo irinṣẹ́ wa jọ, a wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n oníṣu kan ní Ojúwoyè: àkàbà, sìlíńdà, pọ́ǹpù, dríìlì, páìpù, pẹ̀lú AC tuntun méjì. Kò tó kílò 200. Àǹtí wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò: “Ẹ jẹ́ ká ronú Sátidé. Tí wọ́n bá na kánópì sí àárín títì ní Itire, ọkọ̀ wo ló máa rí ibi gbà?” Bọ̀dá fèsì pé, “Ìwọ náà ti lọ jìnnà.” Ṣùgbọ́n ó ṣẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, a ò fẹnu kò. Ìgbà náà la lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan tí ọ̀gá wa mọ̀, nítòsí Ládípọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ wá rà?”

A ṣàlàyé. A béèrè èwo ló lágbára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí gíà tó ń tú. “Ọkọ̀ tó lágbára ò sí. Gbogbo ọkọ̀ ló máa bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ rí páàtì ẹ̀ rà lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ wọ Ládípọ̀ lọ, kẹ́ ẹ ka ṣọ́ọ̀bù.”

A kà á. Ọjọ́ kan gbáko la fi rìn nínú ọjà náà pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí à ń fi pijin béèrè nǹkan márùn-ún kan náà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: bíréèkì páàdì, kílọ́ọ̀ṣì, rédíétọ̀, alitanétọ̀, ṣọ́ọ̀kì. Ti Sienna wà, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ń bani lẹ́rù. Ti Volkswagen àtijọ́, àwọn àgbà ọjà ló mọ ibi tó wà. Ti kórópe? Ọmọdé tó ń gbé ọjà kiri náà lè júwe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fún yín. Ìdí ẹ̀ ò sì ṣòro: kórópe ló ń gbé èrò kiri àdúgbò báyìí, bó bá sì ṣe ń gbé èrò tó ló ṣe ń bàjẹ́ tó, bó sì ṣe ń bàjẹ́ tó ni páàtì ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tó jẹ́ kí páàtì ẹ̀ pọ̀ yìí náà ló ní wàhálà tiẹ̀. Ọkọ̀ èrò ni lójú gbogbo ayé. Ẹ kùn ún ní funfun, ẹ kùn ún ní búlúù, àgbèrò tó dúró lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba á ṣì na ọwọ́ sí i. A mọ̀ ọ́n kí a tó rà á. A ṣírò ẹ̀ mọ́ iye ẹ̀, bí ẹni ń ṣírò epo.

Rírà wá kù. Bàbá ti kọ́ wa ní ohun tí a máa wò. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kẹ́ ẹ fúnra yín ṣí i. Tí èéfín búlúù bá jáde, ó ń jẹ ọ́ìlì. Tó bá dúdú, epo tó ń jó ti pọ̀ jù. Tó bá funfun tí kò sì tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣáṣí wé ti inú ìwé. Ní ti kórópe pàápàá, ẹ wo sítíárín. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní Japan, torí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín wọn wà. Àwa náà ti gba apá òsì rí, láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di April 2, 1972 tí Nàìjíríà yí sí ọ̀tún. Nítorí ìyẹn, ẹnì kan ti ní láti gé ọkọ̀ náà, kó gbé sítíárín àti bíréèkì sọdá. Ẹ lọ wo bó ṣe gé e.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a lọ bá ní, “Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ wá wo ẹ́ńjìnnì. Àǹtí, ẹ jókòó sínú ibòòji níbẹ̀.” Àǹtí ò fèsì. Ó tan iná fóònù ẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní páìpù bíréèkì ti jẹ, wọ́n sì fi téèpù wé e. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Bọ̀dá. Bọ̀dá ní, “Ẹni tó wò ó ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, sà.” A kúrò níbẹ̀.

Èyí tí a padà rà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti wọnú, ọ̀dà ẹ̀ sì ti ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan, èéfín kankan ò sì jáde. Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde. N2,500,000 ni wọ́n gbà, ní oṣù kọkànlá 2023. Àjọ wa ò tó mọ́. Bọ̀dá ta jẹnẹrétọ̀ ńlá ẹ̀, ó fi N500,000 kún un. Àǹtí yá N250,000 lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àbúrò náà wá N250,000 tiẹ̀, kò sì sọ ibi tó ti rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú. Ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé ọkọ̀ béèrè pé, “Orúkọ ta ni ká kọ?” Bọ̀dá sì ti na ọwọ́ gba bírò. Lójú tiẹ̀, kò sí àríyànjiyàn: òun làgbà, owó òun ló pọ̀ jù. Àǹtí ní kí ẹni náà fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. A jọ ń jáde fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n “ẹ fún mi ní sípánà” nìkan là ń sọ fún ara wa.

Níkẹyìn Àǹtí là á mọ́lẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Tí ọkọ̀ bá wà lórúkọ yín nìkan, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé àwọn ẹbí yín mọ̀ pé owó wa wà nínú ẹ̀?”

“Ṣé ẹ rò pé màá jí yín lówó ni?”

“A ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin ò ní jí wa lówó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ló máa pín ogún yín.”

Bọ̀dá dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ilé kan ní Mushin tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù olóògbé pa torí pé ìdílé sọ pé ti àwọn ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, tó fi mọ́ fíríìjì kọ́sítọ́mà. Lẹ́yìn ìgbà tó ti ronú díẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Kí la máa ṣe?”

Ohun tí a ṣe kì í ṣe idán. A forúkọ okòwò wa sílẹ̀ ní CAC, pẹ̀lú orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, a sì fi ọkọ̀ náà sórúkọ okòwò. Lẹ́yìn náà, a kọ ìwé àdéhùn kan, ojú ewé kan péré, níwájú lọ́yà. A pín ọkọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́wàá: Bọ̀dá ní mẹ́rin, Àǹtí mẹ́ta, Àbúrò mẹ́ta, bí owó ṣe jáde. Ọkọ̀ náà á máa gba owó tiẹ̀ lára gbogbo iṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ kẹrin, fún epo àti àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lọ sóde ẹbí á ra epo sí i. Tí ẹnì kan bá sì fẹ́ kúrò, bàbá mẹkáníìkì yẹn ló máa sọ iye tí ọkọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn tó kù á sì san ìpín ẹni náà tán láàárín oṣù méjìlá. Àbúrò ló ní ká fi èyí sí i. A ò béèrè ìdí.

Àwọn ìwé tó kù ò le. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní ìńṣọ́ránsì third party. Láti January 1, 2023, ti ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní N5,000 di N15,000, ti ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù olówó ẹ̀ sì jẹ́ N20,000. Ẹ rántí o, ohun tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì ni irú ìńṣọ́ránsì yẹn ń san. Tí wọ́n bá jí irinṣẹ́ yín nínú ẹ̀, ẹ fọwọ́ lérán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó dríìlì àti pọ́ǹpù wọlé lálaalẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ wá. Tí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ iṣẹ́ yín sára ọkọ̀, LASAA ń gba owó ìpolówó ọjà lórí ẹ̀. A jiyàn lórí ìyẹn, lẹ́yìn náà a san án, torí ìkọ̀wé yẹn ń ṣe ju ìpolówó lọ. Tí ẹnì kan bá dá wa dúró pé “owó bọ́ọ̀sì dà?”, a lè nawọ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n fi búlúù kọ, tí kì í ṣe pupa ti ọkọ̀ èrò, ká sì nawọ́ sí orúkọ ara ọkọ̀. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ ṣá.

Nínú ọkọ̀, a yọ àga ẹ̀yìn, a ku ẹyọ kan. Abẹ́ àga awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kórópe wà, ibẹ̀ sì máa ń gbóná, torí náà ẹ̀yìn pátápátá la gbé sìlíńdà sí, a fi bẹ́líìtì dè é nìró. Àkàbà wà lórí òrùlé. Iṣẹ́ padà di mẹ́rin lójúmọ́, nígbà míì márùn-ún. A kì í fi sáré lórí Third Mainland. Kò sẹ́ni tó rán wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, físà Àbúrò jáde. Canada. Ó fi ọjọ́ méjì pa á mọ́ kó tó sọ fún wa. Nígbà tó sọ ọ́, Bọ̀dá ló kọ́kọ́ dìde lọ mú ìwé àdéhùn wá. A gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá. Bàbá yí i ká, ó ṣí i, ó tẹ́tí, ó ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni báyìí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó wọnú yẹn náà. Bí owó wa ṣe ń wálẹ̀ ni owó ọkọ̀ ń gòkè. Ìpín mẹ́ta nínú mẹ́wàá jẹ́ N1,200,000. N100,000 lóṣù, fún oṣù méjìlá. Owó tó mú ọ̀rẹ́ ẹlòmíì di ọ̀tá, a fi ìṣírò ìṣẹ́jú márùn-ún parí ẹ̀, nídìí táyà àlòkù, láì sí ohùn tó ròkè.

Àwa méjì ló kù tí à ń kọ èyí, àmọ́ a ò tíì mọ bí a ṣe ń sọ “àwa” láì ka ẹni kẹta. A ti san owó náà tán. A ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé okòwò, bí ó ti yẹ. Lọ́jọ́ Sunday tó bá pè wá lórí WhatsApp, lẹ́yìn “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta”, ohun tó máa ń béèrè ni, “Mọ́tò wa ńkọ́?”

A máa ń sọ fún un pé ó wà. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ṣọ́ọ̀bù kẹta tí a dé ní Ládípọ̀ la ti rí i rà.